Àga Bàbá Wà Níta

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lójúfò, mo kí ọ. Bó bá bá ọ lójú oorun, kí ẹni tó wà nítòsí bá mi gbọ̀n ọ́ jí, nítorí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi.

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ. Ní Sátidé tó kọjá, èmi ìyá rẹ pè ọ́ lórí fóònù, mo ń ròyìn káfíńtà àdúgbò wa fún ọ, bó ṣe kan tábìlì ńlá sínú yàrá oníyàrá tí tábìlì ò sì lè gba ẹnu ọ̀nà jáde mọ́. Mo ti dé ibi tó dùn jù. Mo dákẹ́ kí o lè ráyè rẹ́rìn-ín. O ṣe "hẹ̀" lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ gbì, lẹ́yìn náà o bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun! Mo pariwo "Hẹ́lò! Hẹ́lò!" títí owó fóònù fi tán. Gbogbo àdúgbò ló ń dẹ etí bí èmi aránṣọ bá la ẹnu, ṣùgbọ́n nínú ilé mi, ọkọ kì í rẹ́rìn-ín, ọmọ tún wá ń sùn.

Nítorí náà mo ti pa fóònù tì. Lẹ́tà ni a ó máa kọ láti òní lọ. Bí o bá sùn lé lẹ́tà, ọ̀rọ̀ mi á dúró dè ọ́ títí o fi máa jí.

Bàbá rẹ wà. Ṣọ́ọ̀bù ìfárí rẹ̀ ṣì dákẹ́ bí yàrá ìdánwò. Àkọlé tó wà lára ògiri rẹ̀, A KÌ Í ṢÀWÀDÀ NÍBÍ, ó tún un kùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dà pupa ló fi kùn ún. Àwọn oníbàárà ṣì ń pè é ní Adájọ́. Wọ́n á wọlé, wọ́n á gbé orí sílẹ̀ bí ọ̀daràn, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ. Wọ́n sì ń padà wá, torí ọwọ́ rẹ̀ dán, kò sí onígbàjámọ̀ tó ń fárí bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò tíì rí eyín rẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé bí mo bá ti yọjú láti ṣọ́ọ̀bù tèmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, àga ló máa kọ́kọ́ wá. Á jókòó, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi ti sú kó tó gbọ́ ọ. Ibà rẹ̀ náà ò lọ. Bí a bá ti dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ aṣọ. Gbogbo oògùn ibà tí mo ń fún un, omi ni mo ń dà sínú agbọ̀n.

Ó dáa, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o ti lóyún ni? Mo mọ ohun tó ń jẹ́ oorun ọ̀sán tí kò nídìí. Bó bá jẹ́ oyún ni, kọ orúkọ bàbá rẹ̀ gàdàgbà. Bó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, má wulẹ̀ kọ nǹkan kan, ó máa yé mi.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Màmá mi, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìbínú. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé, níwọ̀n bí ìkúnlẹ̀ bá ṣì gbà mí láyè. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ ní kí ibà wọn fi wọ́n sílẹ̀.

Kò sí oyún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú aṣọ ọmọ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán, mo mọ̀ yín.

Àìsàn ni. Ó ní orúkọ gígùn kan tí ahọ́n mi ò tíì lè yí, ṣùgbọ́n èmi ń pè é ní oorun gbọ́mọgbọ́mọ, nítorí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó gbé èèyàn. Ẹ sì rántí iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí. Bẹ́ẹ̀dì ni mò ń tẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì funfun, bẹ́ẹ̀dì rírọ̀, tó ń ta sánsán. Ta ló ń fi ológbò ṣọ́ ẹja? Lóṣù tó kọjá mo tẹ́ ọ̀kan tán ní àjà kẹta, mo ní kí n kàn fi ọwọ́ tẹ ìrọ̀rí rẹ̀ kó lè jókòó dáadáa. Ohun tí mo tún gbọ́ ni ohùn ọkùnrin kan tó ní, "Ẹ dákun mà, ṣé ẹ̀yin náà wà lára ohun tí mo sanwó fún?" Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di àpótí mú bí ẹni tó fẹ́ jù ú. Màmá, mo fò dìde, mo kí wọn káàbọ̀, mo sì tún bẹ́ẹ̀dì náà tẹ́ lójú wọn bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí àlejò tó dé.

Ọ̀gá wa obìnrin ò lé mi. Ó ní kí n lọ rí dókítà. Àwọn yẹn ní kí n wá sùn lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi lórí títí mo fi dà bí rédíò tí wọ́n ń tún ṣe, wọ́n ní kí n sùn mọ́jú, wọ́n tún ní kí n máa sùn léraléra lójú ọ̀sán kí àwọn lè wo bí oorun ṣe ń tètè gbé mi tó. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé n kò gba ipò kìíní rí nílé-ìwé. Dókítà ní òun kò tíì rí ẹni tó yára tó mi.

Ó ní ohun kan wà tó yẹ kí ọpọlọ máa pèsè kí èèyàn lè wà lójúfò, tèmi ò pèsè rẹ̀ tó. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Ó fún mi lóògùn, ó ní kí n máa sùn díẹ̀ lọ́sàn-án kí oorun má baà máa jí mi gbé. Ìyẹn ń ràn mí lọ́wọ́.

Apá kejì ló burú. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín náà dénú, orúnkún mi á yọwọ́. Àgbọ̀n mi á rọ̀, ọrùn mi á rọ̀, màá wó lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn. Ojú mi á là, màá máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n n kò ní lè gbé ìka. Kì í pẹ́ lọ. Mo ti kọ́ àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n má da omi lé mi lórí, kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n kàn jókòó tì mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí fóònù nìyẹn. N kò sùn lé yín lọ́rọ̀. Tábìlì káfíńtà ló pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ló dá mi dùbúlẹ̀, oorun wá bá mi nílẹ̀.

Ọkùnrin kan wà níbí tó ń tún lífìtì ṣe, àpótí tó máa ń gbé èèyàn gòkè ilé. Òun ló kọ́kọ́ gbé mi ṣubú. Lífìtì há mọ́ ọn láàárín àjà méjì, ó yọ orí ní ihò kékeré kan, ó fi ojú líle wò mí, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ pé mò ń bọ̀, láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bọ̀." Mo wó pẹ̀lú gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó wà lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí Onílífìtì bá ti ní ọ̀rọ̀ kan, garawa ló máa kọ́kọ́ dojú rẹ̀ délẹ̀ fún mi, á ní, "Jókòó ná." Ó ní òun fẹ́ fi mí ṣaya. Akọ̀wé tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà náà ní òun fẹ́ mi, ẹni tí kò sọ ohun ẹ̀rín kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. N kò tíì dá ẹnì kankan lóhùn.

Dókítà béèrè bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí wa tó ń sùn lójú ọ̀sán, tàbí tí ẹ̀rín ń gbé ṣubú. Ẹ bá mi wádìí. Ẹ bá mi gbé àga Bàbá síta kí oòrùn pa á dáadáa, kó gbẹ. Ẹ má gbàgbé láti lo gíláàsì yín tí ẹ bá ń rán nǹkan.

Ọmọ yín, Olóorun.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi tó gba ipò kìíní,

O kú ẹ̀yẹ o. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Mo tú aṣọ ọmọ náà. Àforíjì ni mo tọrọ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. N kò kúkú pè ọ́ ní ọ̀lẹ tán, mo kàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà ni.

Lọ́dọ̀ tèmi, kò sí irú ẹ̀. Ìyá mi kì í sùn rárá, àwọn olè ló máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sùn. Mo bi bàbá rẹ léèrè. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúnkún àti ẹ̀rín fún un, ó wò mí títí, ó ní, "Rárá," ó wá jókòó. Lóòótọ́ ó máa ń ti ṣọ́ọ̀bù kó sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ṣùgbọ́n àgbà nìyẹn. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Ó kàn tètè dàgbà ni.

Nípa iṣẹ́ tí o rán mi, mo ti jẹ́ ẹ. Kò yé mi ìdí tí àga bàbá rẹ fi gbọ́dọ̀ sá sóòrùn, ṣùgbọ́n mo ní ọmọ mi ti rìn jìnnà, ó ti mọ ohun tí àwa ò mọ̀ nípa àga. Mo dúró di ọjọ́ tí bàbá rẹ lọ ra abẹ tuntun. O mọ bí àga náà ṣe rí, irin nísàlẹ̀, fóòmù àti awọ lókè. Kò gba ẹnu ọ̀nà. Mo pe káfíńtà. Ó yọ férémù ilẹ̀kùn, àwọn ọkùnrin gbé àga jáde, oòrùn pa á, ó dára. Kí n tó yíjú padà, káfíńtà ti kan férémù tuntun sí i, tó lẹ́wà ju ti àtijọ́ lọ, tó sì fún jù ú lọ. Àga ò lè wọlé mọ́! Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní wọ́n ní kí òun gbé àga jáde, ẹnikẹ́ni ò sọ pé yóò padà.

Báyìí, etí títì ni bàbá rẹ ti ń fárí. Nínú ilé, àkọlé pupa yẹn ló ń dí gbogbo ẹnu. Níta kò sí ògiri tó máa kọ́ ọ mọ́, àwọn tó ń kọjá sì ń yà, wọ́n ń dápàárá. Bàbá rẹ ti rù. Ó gbé àpótí kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fá díẹ̀, á jókòó, á tún fá díẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé, "Kí ni ọmọ yẹn ní kí àga mi lọ ṣe níta?" Mo ní kó ṣe sùúrù, pé ìdí wà. Jọ̀ọ́ tètè kọ ìdí náà wá.

Ọ̀rọ̀ akọ̀wé yẹn ńkọ́, gbà mí o! Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Onílífìtì, iṣẹ́ tó ń gbé èèyàn gòkè tó tún ń gbé e sọ̀kalẹ̀ kò fi ibì kan dé ibì kan. Ṣùgbọ́n má fẹ́ ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín. Wò mí. Mo ti ń kan ilẹ̀kùn kan láti ọjọ́ tí mo ti wà lọ́mọge, ẹnikẹ́ni ò ṣí i. Mo ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín, mo sì ń wọlé sùn bí obìnrin tí kò mú inú ọkọ rẹ̀ dùn rí. Ó ń dùn mí, ọmọ mi. N kì í sọ ọ́ ni.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Mo kí yín, mo kí Bàbá, mo kí àga. Màmá, n kò ní kí ẹ gbé àga kankan!

Ẹ̀bi mi ni, mo gbàgbé láti sọ èyí fún yín. Orí mi lè ti lọ sùn, kí ọwọ́ mi ṣì máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan dáadáa, mo wá kó ìrọ̀rí méjèèjì sínú fìríìjì àlejò. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà yẹn. Ẹ tún un wò, ẹ máa rí i pé ibi ọ̀rọ̀ àga ni ìlà ti ń wọ́ lọ sísàlẹ̀ bí èèrà tó ń relé. Ojú oorun ni mo ti kọ ọ́. Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Bí ẹ bá tún rí irú ẹ̀, ẹ má ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì kọ ohun ẹ̀rín sí mi mọ́. Ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ka ọ̀rọ̀ férémù, mo wó sáàárín àlùbọ́sà. Àwọn agbọ́únjẹ ò tíì mọ̀ mí, wọ́n rò pé òórùn ló pa mí.

Màmá, mo ti pinnu. Akọ̀wé ni mo máa fẹ́. Ẹ má tíì bú mi. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Onílífìtì wà nísàlẹ̀, kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo kàn rí i, mo rántí ọ̀rọ̀ kan tó sọ, mo rẹ́rìn-ín. Mo yí gbirigbiri débi tó dúró sí. Wọ́n rán iwájú orí mi. Nígbà tí mo wà nílẹ̀, tí n kò lè sọ̀rọ̀, mo rí ojú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, Màmá. Èmi ni mo kó ìpayà bá a.

Bí mo bá gbé ọmọ lọ́wọ́ ńkọ́? Bí mo bá gbé omi gbígbóná ńkọ́? Lọ́dọ̀ akọ̀wé, mo máa ń dúró gbọin bí òpó iná. Ó ń ṣàlàyé fún mi bí òun ṣe ń to kọ́kọ́rọ́. Ẹ ní kó ká ewúrẹ́ náà sí mẹ́rin kó tó gbé e lọ sí àjà kejì.

Ẹ dákun, mo ti jí. Ẹ fo ìlà tó wà lókè yẹn, kò séwúrẹ́.

Mo fẹ́ràn Onílífìtì. N kò ní parọ́ fún yín. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n kí n dúró lórí ẹsẹ̀ mi ló jù. Akọ̀wé fẹ́ èsì kí oṣù karùn-ún tó parí. Ẹ tètè kọ̀wé sí mi, kí n gbọ́ ohùn yín kí n tó fún un.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ṣé kò sí? N kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn parí ọ̀rọ̀, ẹ wá dákẹ́ lọ gbári. Ṣé ẹ̀ ń bá mi bínú ni, àbí àga ló wó lù yín? Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kọ ohun ẹ̀rín, màá jókòó kà á.

Akọ̀wé tún béèrè lánàá. Mo ní kó fún mi títí di ìparí oṣù, ó ní ó ti wà nínú ìwé òun bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín tó ń retí.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi, olówó ewúrẹ́,

Má sọ bẹ́ẹ̀ ni fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá ti sọ ọ́, sọ fún un pé ojú oorun lo wà.

O kú ìrora iwájú orí. Mo ti ń kọ lẹ́tà yìí tipẹ́, mò ń fà á ya, torí bí mo bá ti dé ibì kan nínú rẹ̀, ẹkún ni. Gbọ́, kí o sì jókòó.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí lẹ́tà rẹ dé, ọ̀gá ilé-ìwé wá fárí. Bàbá rẹ ti fá ìdajì, ìdajì ṣì dúdú, ni òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ wínníwínní. Mo gbé agbòjò, mo sáré jáde, mo ṣí i bo àga. Ọ̀gá ilé-ìwé wò mí, ó ní, "Ìyá, orí tèmi ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Orí yín á gbẹ. Fóòmù yìí ló máa ń pẹ́."

Gbogbo títì bú sẹ́rìn-ín. Èmi wo ojú bàbá rẹ, bí mo ṣe máa ń wò ó, bóyá tòní á yàtọ̀. Mo rí i tó ń wá ibi tó máa jókòó. Ẹnì kan ti gbé àpótí kékeré yẹn kúrò nínú òjò. Ó sáré ju abẹ sínú abọ́ omi ọṣẹ. Ẹnu rẹ̀ gbọ̀n. Àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀. Ọmọ mi, mo rí eyín bàbá rẹ! Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń wó lọ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi gbé orí lé itan ọ̀gá ilé-ìwé.

Wọ́n figbe ta, "Yéè! Adájọ́ ti kú!" Ẹnì kan ti gbé omi. Mo ní ẹni tó bá da omi yẹn, màá rán ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìhà rẹ̀. Gbogbo ohun tí o kọ ló ń sọ̀rọ̀ létí mi. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ́ mi. Ẹ má kánjú." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde. Ọ̀gá ilé-ìwé ti sá relé, ọjọ́ kejì ló fi fìlà bo orí wá parí èyí tó kù.

Nígbà tí a délé, mo gbé àga fún un, mo ní, "Ẹ jókòó, ẹ sọ ọ́." Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá òun dápàárá, òun rẹ́rìn-ín, òun wó pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Abẹ ò kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní ọ̀mùtí ni, ó lé e. Láti ọjọ́ yẹn ló ti pinnu pé òun ò ní rẹ́rìn-ín lórí ìdúró mọ́. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní ojú ń ti òun, ta ló máa gbé orí rẹ̀ fún onígbàjámọ̀ tó ń ṣubú?

Mo ní, "Àga tí ẹ máa ń wá bí ẹ bá ti rí mi ńkọ́?"

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ lò ń bọ̀."

Mo ní, "Ibà yẹn ńkọ́?" Ó bojú wolẹ̀. Ó ní kì í ṣe ibà. Ó ní ẹni tó ti dùbúlẹ̀ ò níbi tó máa ṣubú sí mọ́, nítorí náà gbogbo ohun tí mo bá sọ lọ́sàn-án, òun á tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí a bá dùbúlẹ̀, òun á wá máa rẹ́rìn-ín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ aṣọ. Gbogbo oògùn ibà tí mo fún un láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀rín tèmi ni mò ń fi oògùn lé! Mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo lù ú díẹ̀, ó jókòó gbà á.

Káfíńtà ti kan àpótí gíga kan fún un, kó lè máa jókòó fárí. Mo ní kó kọ́kọ́ wọn ilẹ̀kùn. Àga wà níta síbẹ̀, a ti fi páànù ṣe ìbòòji lé e lórí. Bàbá rẹ ti yí àkọlé padà: ẸNI TÓ BÁ FẸ́ ṢÀWÀDÀ, KÓ DÚRÓ KÍ N GBÉ ABẸ SÍLẸ̀. Sọ fún dókítà pé ẹnì kan wà nínú ẹbí. Bàbá rẹ ní òun náà fẹ́ kọ̀wé sí ọ, ó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ìyá rẹ, Ìyá Ẹ̀rín.


Ọmọ mi,

Èmi bàbá rẹ ni. Mo ti jókòó. Ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò sì fọkàn tán an.

Mo ti gbé ìgbésí ayé tí o fẹ́ gbé lọ́dọ̀ akọ̀wé yẹn. Èmi ni mo sọ ara mi di akọ̀wé. N kò ṣubú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ rò pé n kò fẹ́ràn òun, nígbà tó jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù láyé. Ká ṣubú sàn ju ìyẹn lọ. Ilẹ̀ ò jìnnà bí ẹnì kan bá ti wà nítòsí rẹ.

Ọkùnrin tó ń gbé garawa fún ọ kó tó sọ̀rọ̀, ó ti gbọ́ ohun tó ń ṣe ọ́, kò sì sá. Bi í léèrè bóyá kí wọ́n fá irun ilẹ̀kùn náà kó kéré lápá òsì

Ó ti sùn. Èmi ìyá rẹ ni mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Bàbá mi àti Màmá mi,

Ẹ kú ẹ̀rín, ẹ kú oorun. Orí bẹ́ẹ̀dì àlejò ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo dùbúlẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún títí ara mi fi rọ̀ pátápátá. Bàbá, ẹ ṣeun. N kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mú un.

Mo lọ bá akọ̀wé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, mo sọ fún un pé kó jọ̀ọ́ kó má bínú. Ó pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Ó wá bi mí bóyá mo ti dá kọ́kọ́rọ́ àjà kẹta padà. Màmá, ó pa mí lẹ́rìn-ín! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo sáré fara ti ògiri.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Onílífìtì níbi tó ti ń fi epo sí okùn lífìtì. Ó rí mi, kò rẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ àtẹ̀gùn yẹn ló ti ń sá fún ẹnu ara rẹ̀. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ó nu ọwọ́, ó wá garawa kiri, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi àkísà nù ún. Ó yíjú padà láti sọ pé, "Jókòó ná." Mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì ti ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ yín.